Imú Tí Wọ́n Fi Ń Ra Kẹrosíìnì

Àga tí Àlàájà Sàrátù bá jókòó lé gbọ́dọ̀ ké. Gbogbo àdúgbò wọn ní Sátẹ́láìtì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àga bá ti ké, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ má bá àga wí jàre. Ẹrù ìdí tí mo gbé wá láti Ìwó ni mi ò tíì rí ẹni bá mi sọ̀." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọn á sì gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé kẹrosíìnì tún ti wọ́n ju ti ìjẹta lọ.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí àwọn oníkẹrosíìnì pe ìpàdé síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àga ké, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rin ló wá, Sàrátù ṣìkarùn-ún. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé láyé ọjọ́sí, bí wọ́n bá ń ṣèpàdé, àwọn tó wà lórí ìdúró máa ń ju àwọn tó rí ibi jókòó lọ! Ọ̀kan ti ń ta omi inú ọ̀rá ní Máìlì Túù, òmíràn ti padà sí Ìkirè lọ dáko, àwọn yòókù kàn tilẹ̀kùn ni, wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Òwò kì í kú bí èèyàn. Kò sí ariwo, kò sí ìsìnkú. Ó kàn jẹ́ pé lọ́jọ́ kan wà á ṣí ṣọ́ọ̀bù, wà á jókòó títí oòrùn á fi yí, o ò ní í rí ẹni tó gbé ìgò wá.

Mansur ni alága wọn, ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó máa ń fa irùngbọ̀n rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó fà á, ó fà á.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Kẹrosíìnì ti tán nílẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí níbi tí wọ́n ti ń já epo o. Ó wà. Àwọn tó máa rà á ni ò sí mọ́. Owó tó ń ra odindi kẹ́ẹ̀gì tẹ́lẹ̀, ìgò kan ló ń rà báyìí."

"Ṣé èmi ni mo gbé e gun orí àgbọn ni?" ni Sàrátù dáhùn.

"Ẹ̀yin kọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa bá wa gbé èyí tó kàn."

Èyí tó kàn ọ̀hún ni gáàsì. Bàbá Ọláńrewájú Akọ́ládé, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ni ilẹ̀ apá ibẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ilé sí i, ti gbà láti yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún wọn, ilẹ̀ tó jìnnà sílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó jáde sí títì Àgbádárìgì. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ. Àwọn márààrún ti da ohun tó kù lọ́wọ́ wọn pọ̀, tánkì ti dé. Ramlah, ọmọ ọmọ Sàrátù, tó ti fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ nílé gáàsì kan ní Fẹ́sítàkì, ni yóò máa darí iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n ṣí i.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Sàrátù wí. "Kí lẹ wá ń wá lọ́wọ́ arúgbó? Ṣé kí n wá gbé ìdí lé tánkì kó má baà fò lọ ni?"

"Imú yín ni," ni Mansur wí.

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Sàrátù dúró síbi tó dé.

"Màmá, ẹ̀rù gáàsì ń ba àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní bọ́ǹbù ni. Wọ́n ń padà sídìí èédú, èéfín ń pa ọmọ wọn, wọn ò jẹ́ sún mọ́ gáàsì. Àmọ́ tí wọ́n bá rí i tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ gbóòórùn ẹnu sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ ní 'Ó mọ́,' ẹ̀rù ti tán nìyẹn. A ti bá akọpátákó sọ̀rọ̀. Ilé Gáàsì Ìyá Onímú ló máa kọ síbẹ̀."

Ẹni tí kò gbé Sátẹ́láìtì nígbà yẹn lè má mọ ìdí tí imú obìnrin kan fi di ohun tí odidi ẹgbẹ́ fẹ́ kọ sára pátákó. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni. Kẹrosíìnì àdàlù wọ ìgboro. Ẹnì kan níbì kan, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ti da epo bẹntiróòlù mọ́ ọn. Sàrátù ra dúróòmù kan nínú rẹ̀, kò mọ̀. Ó tà níbẹ̀, ó sì bu díẹ̀ wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, Muhsinah, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, rọ ọ́ sínú àtùpà, ó ṣá ìṣáná. Ramlah, ọmọ ọdún méjì, wà lẹ́yìn ìyá àgbà níta. Ohun tó yọ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, Sàrátù kò padà wọlé. Ìsọ̀ àwọn oníkẹrosíìnì ló gbà lọ. Ó ṣí dúróòmù ẹni àkọ́kọ́ tó bá, ó ki imú bọ̀ ọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan dúróòmù tó kẹ́yìn. Ó ní méjì nínú wọn kò gbọdọ̀ dé ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ni ín fẹ́ bá a jà, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n gba kámú. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ẹgbẹ́: wọn kì í ta nínú dúróòmù kankan àfi bí Sàrátù bá kọ́kọ́ fi imú kàn án, tó ní "Ó mọ́," tó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun kan sí i lára. Àwọn èèyàn ń ti Mazamaza wá, wọ́n ń gun ọ̀kadà ti Máìlì Túù wá, ìlà funfun ni wọ́n ń wá kiri. Wọn ò pè é ní Àlàájà mọ́, Ìyá Onímú ni. Kò sì tún sí ẹni tó jóná.

Ohun tí ẹgbẹ́ kò mọ̀, tí Ramlah náà kò mọ̀, ni pé imú ọ̀hún ti kú.

Ọdún karùn-ún rèé. Lọ́dún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo ẹnu ni ibà kan dá Sàrátù dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí ibà máa lọ, ó mú gbígbóòórùn dání. Ó kọ́kọ́ rò pé yóò padà. Ó gbé ìrù símú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé dẹ́tọ́ọ̀lù símú, omi lásán ni. Bí òun fúnra rẹ̀ bá yọ́ ìsó sílẹ̀, etí ló fi ń mọ̀. Bí etí kò bá gbọ́, ojú àwọn tó yí i ká ló fi ń mọ̀. Ó rín ara rẹ̀ rín títí, òun nìkan nínú yàrá. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó rántí pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, wọ́n sì máa gbé dúróòmù wá.

Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Sàrátù bẹ̀rẹ̀, ó ki orí bọ ẹnu dúróòmù bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti fi orí dí ojú àwọn èèyàn, ó ti ìka méjì bọ inú epo, ó ń fi wọ́n ra ara wọn. Ọmọ ogójì ọdún nídìí kẹrosíìnì ni ọwọ́ rẹ̀. Bẹntiróòlù kì í dúró lọ́wọ́. Á tutù nini, á sì fò lọ, ọwọ́ á gbẹ. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ á jókòó, á máa yọ̀ bí ẹni pé ó ti sanwó ilé. Bó bá ṣì ń ṣiyèméjì, a kán ẹ̀kán kan sórí bébà tó wà nínú àpò rẹ̀: èyí tó gbẹ láìní àbàwọ́n, ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ń fa ìlà funfun láti ọdún márùn-ún. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣùgbọ́n kò lè sọ. Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n gbà gbọ́, imú ni.

Gáàsì kò sì ṣe é fi ìka méjì ra wò.

Ó yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ohun tó wá jáde ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé mi lórí. Ẹ wá ẹlòmíì."

Níbi tó ti ṣì í nìyẹn. Ta ló ń gbọ́ "ẹ wá ẹlòmíì" lẹ́nu àgbà, tó máa rò pé kíkọ̀ ni ó kọ̀? Àgbà tó bá gba oyè lójú ẹsẹ̀, oníwọra ni. Mansur àti àwọn yòókù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó kún fún òróró, wọ́n ní, "A dúpẹ́, Màmá." Wọ́n sì dìde lọ bá akọpátákó.

Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí ronú kan ìyá tirẹ̀. Igi ìdáná ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Ìwó. Nígbà tí Sàrátù kọ́kọ́ gbé sítóòfù wálé láti Èkó, ìyá wo iná aláwọ̀ búlúù náà, ó ní, "Iná tí kò léèéfín? Báwo ni aládùúgbò á ṣe mọ̀ pé ẹ rí nǹkan sè?" Ó kọ̀, ó ń to igi jọ sábẹ́ òrùlé, ó ní àwọn èèyàn á padà wá. Ìgbà tí ikán fi jẹ igi náà tán, tó di ìyẹ̀fun, ìyá kò jẹ́ kí wọ́n gbá a dànù. Sàrátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Ó máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ fún Bádrù ọkọ rẹ̀ lórí ẹní, àwọn méjèèjì á máa yí gbirigbiri. Bádrù tó ti ṣaláìsí ni ó mú un wá sí Sátẹ́láìtì. Ó rí ibi tí wọ́n ti ń ri tánkì epo mọ́lẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni ọmọ àwọn máa ti jẹun. Òun náà ló sọ fún un kó tó kú pé, "Sàrátù, má fẹ́ òwò yìí bí ọkọ o. Àlè ni kó o fi ṣe. Lọ́jọ́ tó bá ti ń bojú wẹ̀yìn, ìwọ náà tètè di aṣọ rẹ." Sàrátù rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó ní ta ló máa bá arúgbó bíi tòun yan àlè. Kò mọ̀ pé òun ti fẹ́ òwò náà, òun ti bímọ fún un, òun ti sin ọmọ nídìí rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣí ilé gáàsì, Ramlah gbé sìlíńdà kékeré kan wálé kí ìyá àgbà lè fojú mọ̀ ọ́n. Ó fi bí wọ́n ṣe ń yí i hàn án, ó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sàn-án, Sàrátù bó iṣu, ó bomi sí i, ó yí gáàsì. Kò rí ìṣáná. Ó ń wá a lọ́wọ́ ni Ìyá Adébánjí, aládùúgbò rẹ̀, pè é lójú fèrèsé pé ṣé ó ti gbọ́ ohun tí garawa gàrí kan dà. Wọ́n bú gàrí, wọ́n bú ẹni tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, wọ́n bú ọkọ Ìyá Adébánjí kún un. Nígbà tó yá, Sàrátù padà sínú ilé ìdáná. Ó rí ìṣáná lábẹ́ abọ́. Ó fa ẹyọ kan yọ.

"Màmá! Ẹ má ṣá a! Ẹ má ṣá a!"

Ramlah ni. Ó ti ń bọ̀ láti ẹnu géètì, ojú ọ̀nà ni òórùn ti pàdé rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó gbá ìṣáná bọ́ sílẹ̀, ó yí gáàsì pa, ó ṣí fèrèsé, ó di ìyá àgbà mú, ó fà á jáde sẹ́yìnkùlé. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Òórùn wo? Mo ṣe bí ara mi ni mo só sí."

Ramlah kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó. Ojú Muhsinah ló fi ń wò ó.

"Màmá. Gbogbo ọ̀nà ló ń rùn. Àwọn tó wà nílé kejì ti ń yọjú. Ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún."

Sàrátù wá ibi kan jókòó. Orí ọpọ́n tí wọ́n dojú dé ni. Ọpọ́n náà ké.

"Ọdún karùn-ún rèé," ló wí.

Ohùn Ramlah lọ sílẹ̀. "Ọbẹ̀ tó ń jóná látọjọ́ yìí, tí mo ń jẹ, tí mo ń dákẹ́. Mo rò pé ọjọ́ orí ni."

"O ò sì sọ?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ."

Sàrátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìka méjì, bébà inú àpò, ìlà funfun. Ó sọ ti ìpàdé, bó ṣe kọ̀ tí wọ́n kà á sí gbígbà. Ramlah gbọ́ ọ tán. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, iná ló pa ìyá mi. Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ni mo mọ̀. Mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹnu yín ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tẹ́ ẹ ní 'Ó mọ́,' mi ò ní í fọwọ́ kan tánkì yẹn láyé. Màá padà sí Fẹ́sítàkì. Kí wọ́n wá ẹni tó máa bá yín pa èèyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Sàrátù gbé sùn, òun náà ló gbé jí. Bó bá sọ òótọ́, ta ló máa ra gáàsì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ti fi òkú imú tan wọn jẹ lọ́dún márùn-ún? Ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn márààrún ti wà nínú tánkì yẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, Ramlah á lọ, lọ́jọ́ kan sìlíńdà kan á sì jò sílé ẹnì kan, ìlà funfun Sàrátù á wà lára rẹ̀.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ó lọ sílé Bàbá Akọ́ládé, bóyá ó lè bá òun sọ fún wọn kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ọkùnrin náà ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Nínú agbo-ilé wọn, àwọn kan ń lọ sí mọ́sálásí, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ní tirẹ̀ ń ka Bíbélì lábẹ́ igi ọsàn.

"Ìyàwó Bádrù! Àga tí mo hun fún ọ, ṣé ó ṣì ń ké?"

"Ó ń ké, Bàbá. Ìwà tí ẹ hun mọ́ ọn ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó jókòó. Sàrátù kò mọ ibi tó máa gbà wọ inú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, báwo lẹ tiẹ̀ ṣe wá kọ́ àga híhun? Onílẹ̀ ni yín."

"Ilẹ̀ kẹ̀? Ta ló ń jẹ ilẹ̀ nígbà náà?" Ó pa Bíbélì dé. "Ẹja la ń jẹ. Bàbá mi ló ń hun ìgèrè ẹja jù lọ ní gbogbo etí omi yìí. Nígbà tí wọ́n gbé tánkì epo dé, tí òróró bo omi, ẹja lọ. Bàbá mi ní wọ́n á padà wá. Ọdọọdún ló ń hun ìgèrè, ó ń tò ó jọ. Ó kú lórí èyí tó ń hun lọ́wọ́. Ẹja ò padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń hun ún, ó ti fi kọ́ mi. Mo wò ó, mo ní ọwọ́ yìí kò mọ̀ pé ẹja ti lọ. Ni mo bá fi hun àga. Àga ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi títí ilẹ̀ fi wá dọjà."

Sàrátù jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka méjì ọ̀tún dán ju àwọn yòókù lọ.

"Kí lo fẹ́ sọ fún mi?" ni Bàbá bèèrè.

"Mo kàn wá kí yín ni," ló wí. Ó dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé, èrò pé. Wọ́n gbé sìlíńdà wá, tuntun, tòkúnbọ̀, èyí tó ti ń dípẹtà látàrí pé ẹ̀rù ni wọ́n fi gbé e pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Garawa iyẹ̀pẹ̀, nítorí iná, tò sára ògiri. Pátákó wà lókè, ọ̀dà tútù ṣì ń ṣàn lára rẹ̀: ILÉ GÁÀSÌ ÌYÁ ONÍMÚ. Lèmọ́ọ̀mù ṣàdúà, pásítọ̀ ṣàdúà. Wọ́n ti gbé àga Sàrátù wá. Ó jókòó, àga ké, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín, torí pé inú wọn dùn lọ́jọ́ náà. Sàrátù kò bá wọn rín in.

Ìyá Adébánjí ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ramlah gba sìlíńdà tòkúnbọ̀ rẹ̀, ó wò ó yíká, ó rọ gáàsì sí i, ó gbé e síwájú ìyá àgbà. Ó sún sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ kan. Kò wo ojú rẹ̀.

"Ó yá, Màmá," ni Mansur wí. "Ẹ fi imú kàn án."

Sàrátù dìde. Ó ní, "Imú mi ti kú."

Ẹ̀rín tó ta lọ́jọ́ náà! Ẹnì kan ní, "Ìgbà wo la máa jẹ sàráà rẹ̀?" Òmíràn ní, "Ẹ ò wá ṣe ìsìnkú ẹ̀?" Mansur gan-an ń fi ọwọ́ nu ojú. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni yóò mọ̀ pé òun ti fi àwàdà ta ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Sàrátù dúró kí ẹ̀rín náà tán. Kò tán bọ̀rọ̀. Ó ṣí ìborí rẹ̀, orí rẹ̀ funfun gbòò, ó sì kúnlẹ̀. Bó ti tóbi tó, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré.

Ẹ̀rín wá tán.

"Mi ò ṣàwàdà. Láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, imú mi ò gbóòórùn mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń yẹ kẹrosíìnì yín wò. Mi ò fi èyí tí kò dáa ránṣẹ́ sílé ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé imú ni. Mo purọ́ fún yín. Lọ́jọ́rú, tí kì í bá ṣe ọmọ yìí, ǹ bá ti dáná sun ara mi àti ilé."

"Ọdún márùn-ún!" ni ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì tàn wá jẹ fún ọdún márùn-ún!" Ó gbé sìlíńdà rẹ̀ léjìká, ó lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Mansur kò fa irùngbọ̀n mọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló wà lórí. "Màmá, ẹ ti pa wá," ló ń wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ti pa wá."

Sàrátù na ọwọ́ sí Ramlah. "Gbé omi ọṣẹ wá."

Ramlah gbé e wá, pẹ̀lú kànìnkànìn. Sàrátù rẹ kànìnkànìn, ó fún un mọ́ ẹnu sìlíńdà Ìyá Adébánjí, yípo yípo, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun lọ́rùn. Àwọn tó kù sún mọ́ ọn láìmọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, omi ọṣẹ jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ ìfófòó kékeré kan, ó yọ òmíràn, ó sì ń hó, ó ń wú bí ẹnu akàn.

"Yé!" ni Ìyá Adébánjí ké. "Ṣé ó ń jò ni?"

"Ó ń jò," ni Ramlah wí. "Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti gbó. Òórùn rẹ̀ kò tíì tó kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ní gbangba báyìí. Inú ilé ìdáná yín lẹ ti máa gbọ́ ọ."

Sàrátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń wo ọṣẹ tó ń hó. Èyí tí òun ì bá ti ní "Ó mọ́" lé lórí nìyí. Èyí gan-an, àkọ́kọ́.

Ramlah pààrọ̀ rọ́bà náà. Ó na kànìnkànìn sí Ìyá Adébánjí. "Ẹ fi pa á fúnra yín, mọ̀mí." Obìnrin náà pa á yípo. Wọ́n dúró. Ọṣẹ kò hó.

"Ọṣẹ wo ni?" ló bèèrè.

"Èyí tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́."

"Tí mo bá délé ńkọ́, mo lè ṣe é?"

"Ojoojúmọ́, tó bá wù yín."

Ìyá Adébánjí wo Sàrátù lórí ìkúnlẹ̀. Ó mú un lápá. "Dìde, jàre. Ta ló máa gbé ọ tó bá há síbẹ̀?" Wọ́n tó mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dìde. Àwọn díẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì jọ pé òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló wà lójú rẹ̀.

Ìlàjì èrò ni ó lọ lọ́jọ́ náà tí kò padà. Nínú àwọn tó dúró, kò sí ẹni tó gba sìlíńdà rẹ̀ láìfi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọṣẹ sí i lẹ́nu, kó sì dúró wò ó. Kò sí ẹni tó sọ pé òfin ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dòfin. Mansur kò bá Sàrátù sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó gun àkàbà, ó fi ọ̀dà funfun bo ÌYÁ ONÍMÚ, kò sì kọ nǹkan mìíràn sí i. Títí di òní, Ilé Gáàsì lásán ló wà níbẹ̀, àyè ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Sàrátù padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́. Dúróòmù kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, fún àwọn tí apá wọn kò tíì ká gáàsì. Ó fi aṣọ tútù nu ìlà funfun ara rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ìgò wá láti Mazamaza, ìyàwó tuntun, ọmọ lẹ́yìn. Kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n wá bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀."

Àga ké. Sàrátù ti dìde. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ti ìka rẹ̀ méjì bọ inú epo, ó yọ ọ́.

"Ra á pọ̀. Bẹ́ẹ̀. Má dúró. Ṣé ó ń tutù, ó ń gbẹ, àbí ó ń yọ̀?"

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ìka rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yọrí wò ó. "Ó ń yọ̀ mà. Ó ń yọ̀ síbẹ̀."

"Tó bá fò lọ mọ́ ọ lọ́wọ́, má gbé e wọlé. Ì báà jẹ́ èmi ni mo tà á fún ọ. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà."

Sàrátù fi àrọ sẹ́nu ìgò, ó ń rọ epo. Ó ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ìka méjì ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ju kí èèyàn ka ení dé ẹ̀wá lọ, tí ìyá lè fi kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọmọ náà tó gbé àtùpà.